Sí Nímọta, Nípa Ikùn Tó Ń Wú Láìsí Oyún

Boukoki, Niamey

Nímọta ọmọ mi, Àdùkẹ́ mi,

Wá ibi tó dákẹ́ jókòó sí kí o tó ka ìwé yìí. Mo mọ̀ pé kíka Yorùbá kì í yá ọ lára, pé Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé, nítorí náà mo kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà, mo sì fi àyè sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀. Bí ibì kan bá rú ọ lójú, pè mí. Má ṣe gbé e fún ẹlòmíì kó bá ọ kà á.

O ti dé Zinder, o ti rí iṣẹ́ tó wù ọ́, o sì ti wà nílé ọkọ tí ìwọ fúnra rẹ yàn. Ọ̀rọ̀ tí ìyá máa ń bá ọmọ sọ ní irú àkókò yìí pọ̀, mo sì ti ń tò ó jọ sínú mi láti ọjọ́ ìgbéyàwó yín. Mo ti fi gbogbo rẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú ni mo fẹ́ dáhùn.

O ní ìyá ọkọ rẹ gbọ́wọ́ lé ọ níkùn lójú àwọn àlejò, wọ́n ṣàdúrà pé kí Ọlọ́hun sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. O ní gbogbo ilé ṣe àmín, ìwọ náà sì ṣe àmín. Lẹ́yìn náà o rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, kì í ṣe oyún. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Láàárọ̀, ikùn mi á palẹ̀. Tí n bá ti jẹun, á wú, á le bíi bọ́ọ̀lù."

Mo fẹ́ fèsì, ni mo bá gbọ́ ohùn Wàsíù ọkọ rẹ lẹ́yìn rẹ. O yí ọ̀rọ̀ padà wéré, o bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá òjò ti rọ̀ ní Niamey. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé o ò tíì sọ fún un.

Ọmọ mi, irú ìyẹn ti ṣe èmi náà rí. O wà nínú ilé nígbà náà, ṣùgbọ́n ọmọdé ni ọ́, ìwọ̀nba tó yẹ kí ọmọdé gbọ́ la sọ fún ọ. Ní báyìí tí o ti dàgbà, jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí o ṣì wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ibà tífọ́ìdì mú mi. Ibà yẹn máa ń jẹ ìfun, ó sì jẹ tèmi títí ó fi lu. Wọ́n là mí ní ọsibítù, wọ́n gé lára ìfun mi kúrò, wọ́n rán ìyókù pọ̀. Àpá tí o máa ń fi ìka tọ̀ níkùn mi nígbà tí o wà ní kékeré, ibi tí wọ́n ti là mí nìyẹn. Mo yè é. Bàbá rẹ pa àgbò, wọ́n pín ẹran kiri àdúgbò, mo sì padà sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Yantala.

Nígbà tó yá, ikùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí mo bá jí, kò sí nǹkan kan. Bí mo bá ti jẹun ọ̀sán báyìí, á yọ síwájú bíi ti aboyún. Atẹ́gùn á máa kùn nínú mi débi pé àwọn oníbàárà tó wá wọn aṣọ á máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo ń gùfẹ̀ ṣáá. Ìgbẹ́ mi ń ṣàn, ó ń léfòó lórí omi, ó sì ń rùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ń jẹun dáadáa, mo sì ń rù. Èmi tí mò ń ránṣọ fún ará ìlú, mo wá ń rán ìkọ́ méjì sí síkẹ́ẹ̀tì ara mi, ọ̀kan fún àárọ̀, ọ̀kan fún ìrọ̀lẹ́.

Wọ́n ń sọ ọmọ kan lórúkọ ládùúgbò wa níbí nígbà tí Àǹtí Sẹ̀líyà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, fà mí dìde láàárín àwọn obìnrin.

"Ẹ wo ìyàwó wa! Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Nímọta ti fẹ́ di ẹ̀gbọ́n!"

Ariwo ayọ̀ sọ. Wọ́n gbé àga tìmùtìmù fún mi, wọ́n bu ẹran tó dára jù sínú abọ́ mi. Nímọta, mi ò lè sọ pé rárá. Láti ìgbà tí wọ́n ti là mí ni mo ti ń tọrọ ọmọ kejì lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Nǹkan oṣù mi kò sì wá déédéé mọ́ nítorí bí mo ṣe rù, torí náà èmi alára gbà pé oyún ni. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn, pé inú mi dùn gan-an ni.

Ìwọ náà lọ sọ fún olùkọ́ rẹ. O ṣa àwọn èérún aṣọ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, o fi rán fìlà kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, o ní ti ọmọ ni.

Oṣù ń gorí oṣù. Ikùn ń wú, ó ń rọ̀, kò dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní wọ́n ti so oyún náà mọ́ mi nínú. Àwọn kan ní èmi ni mo lọ ṣẹ́ ẹ nítorí ṣọ́ọ̀bù mi. Àǹtí Sẹ̀líyà gbé àgbo kíkorò wá láti fọ inú mi. Mo mu ún, mo yàgbẹ́ títí mi ò fi lè dìde. Lọ́jọ́ kejì ikùn mi rọ̀, gbogbo wa ní àgbo ti ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó tún wú.

Aládùúgbò kan wá júwe oògùn apakòkòrò aláwọ̀ méjì tí wọ́n ń tà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì, àwọn tí ẹ̀yin ọmọ iléèwé ń pè ní pharmacie par terre. Mo gbé e mì. Ara tù mí bíi pé wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí mi. Ó tún padà, mo tún rà á. Bí mo ṣe ń rà á tó, bẹ́ẹ̀ ni ìtura rẹ̀ ń dín kù, títí tó fi dà bíi pé iyẹ̀fun lásán ni mò ń gbé mì.

Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn nínú ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi, nígbà tó yá mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Mo ń ránṣọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì ẹ̀rọ. Mo rò pé mo ti gbé e. Ẹsẹ̀ ṣì wà lórí pẹ́dàlì, ẹ̀rọ ń sáré lọ, abẹ́rẹ́ sì gba àárín ìka ọwọ́ mi kọjá, ó kán síbẹ̀.

Hájìá Ràmátù, obìnrin Zarma kan tó wá gba aṣọ rẹ̀, ló wà níbẹ̀. Ó fi gèlè orí rẹ̀ di ọwọ́ mi, ó ń sọ pé, "Kala suuru, kala suuru," bí wọ́n ṣe máa ń bẹ èèyàn pé kó ní sùúrù. Ó tì mí sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà obìnrin kan ló yọ abẹ́rẹ́ náà. Ó yẹ kí wọ́n di ọwọ́ mi kí n máa lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń wo ojú mi. Wọ́n ní kí n yọ ahọ́n. Wọ́n bi mí bí ẹ̀rọ ṣe gún mi, mo sọ ti ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀, kí n di ojú mi, kí n máa sọ ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí wọ́n bá fọwọ́ kàn. Mo di ojú. Mo dúró, mo dúró.

Mo ní, "Dókítà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ìgbàkígbà tí ẹ bá fẹ́."

Wọ́n wá ní, "Madàámù, ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń fọwọ́ kàn wọ́n."

Ẹ̀rù tó bà mí níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí wọ́n là mí pàápàá. Wọ́n gbé aṣọ mi sókè, wọ́n rí àpá. Wọ́n ní kí wọ́n lọ pe bàbá rẹ. Kí ó tó dé, wọ́n ti fi ẹ̀rọ wo inú mi, wọ́n sì ti gba ẹ̀jẹ̀ mi fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ jáde, àwa méjèèjì la jọ jókòó níwájú wọn. Bí mo ṣe lóye ohun tí wọ́n sọ ni mò ń kọ fún ọ yìí.

Ìfun kékeré ni oúnjẹ ti ń dà, ibẹ̀ ni agbára inú oúnjẹ ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Ìfun ńlá ló tẹ̀ lé e. Inú ìfun ńlá ni ògìdìgbó àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń gbé, wọ́n sì ń ṣe wá lóore níbẹ̀. Nínú ìfun kékeré, ìwọ̀nba díẹ̀ ló yẹ kó wà. Omi kíkan inú ikùn máa ń pa púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tí a ò bá sì jẹun, ìfun máa ń gbá ara rẹ̀ mọ́, á gbá wọn lọ sísàlẹ̀. Tèmi, ibi tí wọ́n ti gé ìfun tí wọ́n rán an ti le, ó ti fà pọ̀, oúnjẹ ń pẹ́ níbẹ̀. Àwọn kòkòrò wọ̀nyẹn wá pọ̀ sí i níbi tí kì í ṣe àyè wọn. Wọ́n ń jẹ oúnjẹ mi kí ó tó kàn mí, ohun tí wọ́n bá jẹ ń di atẹ́gùn. Wọn kò jẹ́ kí ọ̀rá dà, ìdí nìyẹn tí ìgbẹ́ fi ń léfòó. Wọ́n tún ń jẹ fítámì kan tí wọ́n ń pè ní B12, èyí tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ àti iṣan. Ohun tó pa ẹsẹ̀ mi nìyẹn.

Bàbá rẹ bi wọ́n pé, "Ta ló kó àwọn kòkòrò náà ràn án?"

"Kò sí ẹni tó kó o ràn án, Mùsíyọ̀. Gbogbo wa la ní wọn. Ibi tí wọ́n pọ̀ sí ni kò tọ́."

"Oyún ńkọ́?"

"Kò sí oyún. Wọn ò so ó, kò sì sí ẹni tó ṣẹ́ ẹ. Kò sí níbẹ̀."

Bàbá rẹ ṣí fìlà, ó fi bo ojú. Mi ò tíì rí i kó sunkún rí. Nígbà tí a kúrò níbẹ̀, kò bá mi wọlé. Ó lọ tààrà sí Banifandou lọ́dọ̀ Àǹtí Sẹ̀líyà. Àǹtí fúnra wọn ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àìsàn ló ń ṣe ìyàwó mi. Ẹ má gbé àgbo wá mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, àìsàn ni kí ẹ sọ." Ní ọjọ́ kejì Àǹtí dé sílé wa, ojú wọn ti wú. Wọ́n wọ ilé ìdáná, àwọn ló sì ń se oúnjẹ mi títí mo fi lè dúró dáadáa. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n fi ṣe é.

Èmi ni mo sọ fún ìwọ. O bi mí pé, "Ṣé ó ti kú ni?" Mo ní kò kú, pé kò sí níbẹ̀ rí. O ò sunkún. O lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, o fi eyín tú gbogbo ojú abẹ́rẹ́ tí o rán sí fìlà yẹn, o sì kó òwú rẹ̀ wá fún mi. Bóyá o ti gbàgbé. Èmi ò gbàgbé.

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ B12 fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n fún mi ní oògùn apakòkòrò tí wọ́n yàn fúnra wọn, iye tí wọ́n ní kí n lò ni mo sì lò. Ikùn mi rọ̀. Ẹsẹ̀ mi padà díẹ̀díẹ̀, àfi ọmọ ìka díẹ̀ tó ṣì kú títí di òní. Àìsàn náà ti padà wá lẹ́yìn ìgbà náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, a sì tún tọ́jú rẹ̀. Ọmọ mìíràn kò wá. Ìwọ nìkan ni Ọlọ́hun fún wa, a sì dúpẹ́.

Nímọta, mi ò sọ pé ohun kan náà ló ń ṣe ọ́. Ikùn lè wú nítorí nǹkan púpọ̀, dókítà ló lè mọ èyí tó jẹ́. Àwọn ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí.

Lọ rí dókítà tó mọ̀ nípa inú, bí kò bá sí níbẹ̀, wá sí Niamey. Sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan ìgbẹ́. Má tijú. Mo gbọ́ pé àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n máa ń fún èèyàn ní omi ṣúgà mu, wọ́n á máa gba èémí rẹ̀ láti fi mọ̀ bóyá kòkòrò ti pọ̀ jù nínú ìfun kékeré. Wọn kò ní in nígbà tèmi. Bí wọn kò bá ní in níbẹ̀ náà, dókítà lè fi ohun tó ń ṣe ọ́ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ mọ ibi tí wọn yóò gbà. Ní kí wọ́n yẹ B12 rẹ wò. Má dúró de ẹsẹ̀.

Oògùn ọgbẹ́ inú tí o ti ń lò láti ìgbà ìdánwò bákà tí o fi parí girama, gbé páálí rẹ̀ lọ́wọ́. Ó máa ń dín omi kíkan inú kù, omi yẹn sì wà lára ohun tó ń pa kòkòrò. Má dá a dúró fúnra rẹ o. Ìwọ ṣáà fi hàn wọ́n, kí wọ́n sọ bóyá o ṣì nílò rẹ̀.

Má ra oògùn apakòkòrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kódà bí ó bá jẹ́ pé òun gan-an ni dókítà máa kọ, jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́. Kí o tó gbé oògùn kankan mì, tún àyẹ̀wò oyún ṣe, nítorí ìyàwó tuntun ni ọ́, àwọn oògùn kan kò sì dára fún aboyún. Àgbo tó ń fọ inú, má mu ún, ẹni yòówù tó bá gbé e wá.

Ti oúnjẹ: mo mọ̀ ọ́, wàá fẹ́ máa febi pa ara rẹ kí ikùn lè palẹ̀. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹun ní ìwọ̀nba, kí o sì jẹ́ kí àlàfo wà kí o tó tún jẹ òmíràn, kí ìfun ráyè gbá ara rẹ̀ mọ́. Ẹ̀pà tí o máa ń jẹ lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ yẹn, fi sílẹ̀ ná. Ẹ̀wà, àlùbọ́sà, búrẹ́dì àti fùrá oníwàrà ló máa ń dà mí láàmú jù. Ìrẹsì, ẹyin, ẹja odò àti kárọ́ọ̀tì bá mi lára mu. Tìrẹ lè yàtọ̀. Ohun tí o bá yọ, má yọ ọ́ títí ayé; dá a padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì máa wo ara rẹ. Nígbà ààwẹ̀, bí dókítà bá gbà kí o gbà á, má kún ikùn lẹ́ẹ̀kan náà nígbà ìṣínu. Rìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ.

Bí o bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí tí ikùn le tí o ń bì tí atẹ́gùn kò sì jáde rárá, tàbí tí ibà ńlá mú ọ, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀. Má pè mí kí o tó lọ.

Ó sì lè padà lẹ́yìn tí o bá ti rò pé ó ti lọ. Èyí tó padà sọ́dọ̀ mi ní ìgbà àkọ́kọ́, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Dókítà ní kò sí ohun tí mo ṣe tó mú un padà, pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, pé kí n tètè máa wá. Ohun tí mo ń sọ fún ìwọ náà nìyẹn.

Ìyá ọkọ rẹ fẹ́ràn rẹ, mo mọ̀. Bí wọ́n bá tún fẹ́ gbọ́wọ́ lé ọ níkùn, mú ọwọ́ wọn, kí o kúnlẹ̀, kí o sọ pé, "Màmá, ẹ bá mi ṣàdúrà ìlera." Wọ́n á ṣe é.

Mo ti fẹ́ dá bírò dúró níbí lánàá kí n lè fi ìwé yìí rán ẹni tó ń bọ̀ ní Zinder, ni fóònù mi bá dún. Wàsíù ni. Ó kí mi, ó béèrè ara bàbá rẹ.

Ó ní, "Màmá, Nímọta kì í jẹun níwájú mi mọ́. Tí mo bá ti wọlé, á gbé abọ́ kúrò. Tí mo bá fọwọ́ kàn án, á sún. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe fún un?"

Ọmọ mi, ìró ẹkún wà nínú ohùn ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní kò sí ohun tó ṣe. Mo ní ọ̀rọ̀ kan wà tí ìwọ fúnra rẹ fẹ́ bá a sọ, pé kó fún ọ láyè. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé tìrẹ ni, kì í ṣe tèmi.

Ó ní, "Mo gbọ́, Màmá. Mo máa dúró."

Dìde níbi tí o jókòó sí, Àdùkẹ́. Lọ bá ọkọ rẹ.

Èmi tí mo bí ọ, tí mo sì ń fi orúkọ rẹ bẹ Ọlọ́hun ní gbogbo ìrun,

Ìyá rẹ